Àdúgbò Tí Kò Sẹ́ni Tó Ń Gbé Ibẹ̀

Ẹnu abọ́ fífọ̀ ni ìyá mi wà nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fọ abọ́. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti sọ ọ́ di kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n á fi ọwọ́ fọ abọ́ tán, wọ́n á wá tò ó sínú ẹ̀rọ náà kó lè gbẹ. "Bá mi yí ọjọ́ ọkọ̀ òfurufú mi padà," ni wọ́n wí. "Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti dáa." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti ń tán.

Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n lò. Ìjọba Amẹ́ríkà, tí kì í fún ọmọ Nàìjíríà ní nǹkan wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fún wọn ní oṣù mẹ́fà. Ìyá mi wá ń dá ìdajì rẹ̀ padà fún wọn. Ọmọ mi kò tíì rìn. Daycare, ilé ìtọ́jú ọmọ, tó sún mọ́ wa jù ní Alief, àdúgbò wa ní Houston, sì ti ní ká lọ máa retí ìpè wọn, pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò ní pè.

Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan. Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé "kò sí nǹkan" wọn kì í ṣe òfo. Ó túmọ̀ sí pé nǹkan náà pọ̀ débi pé wọn ò mọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ mú.

Mo jókòó, mo rò ó. Mo gbà pé wọn ò tíì rí Amẹ́ríkà ni. Lóòótọ́, kí ni wọ́n ti rí? Apartment wa, ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti ilé ìtajà àwọn èèyàn wa tí ẹ̀fọ́ ibẹ̀ le bí òkúta yìnyín. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Deer Park ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì lèmi. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì á máa jáde. Ẹnu ọ̀nà la ti máa ń kíra bí ayálégbé méjì. Àyè wo ló wà láti fi ìlú han ẹnikẹ́ni? Mo ní tí mo bá lè fi ìgbádùn gidi han ìyá mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ilé á kúrò lẹ́nu wọn.

Obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa ló júwe ibẹ̀ fún mi. Ọgbà ìgbádùn ńlá kan ni, lápá àríwá, tí èèyàn bá ti kọjá The Woodlands dáadáa. Ó ní inú ọgbà gan-an, níbi tí wọ́n ti ń gbé èèyàn sókè kó lè pariwo, owó ibẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n níwájú géètì ọgbà náà, òpópónà kan wà tó kún fún ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti orin. Ọ̀fẹ́ ni ti ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, àfi ibi tí èèyàn máa gbé mọ́tò sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó mọ́tò lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Alief, bí òòrùn Houston kò bá sè é jinná lójú ọ̀nà.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo dé ẹ̀yìn mọ́tò, mo bá kúlà kan níbẹ̀.

"Mọ́mì, kí ló wà nínú kúlà yìí?"

"Omi ni."

"Omi wo ló ń rùn bíi mọ́ínmọ́ín?"

"Ṣé èmi ni mo ní kó rùn?" Wọ́n gbé ìgbànú mọ́tò kọ́rùn, wọ́n yíjú síta. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Mo ṣàlàyé lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀, pé ilé oúnjẹ la máa jẹun. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, a kì í gbé oúnjẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. It's embarrassing." Ìyá mi ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n tún ní gbogbo ibi tí àwọn ti ń kó ọmọ iléèwé lọ ṣe ìrìn àjò láyé iṣẹ́ tíṣà àwọn ni wọ́n ti ń ta oúnjẹ, kò sì sígbà kan tí àwọn kò gbé tàwọn dání. Mo gbọ́ èyí náà.

Níbi àbáwọlé, ẹ̀ṣọ́ kan ń yẹ àpò wò. Ó ṣí kúlà. Ó rí nǹkan tí wọ́n fi ewé wé, tó tò jọ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ó sì fi ìka kan tọ́ ọ díẹ̀ bóyá ó máa mira. Ó bèèrè lọ́wọ́ ìyá mi pé ṣé oúnjẹ ọmọ ni. Ìyá mi ní, "Yes. For my child." Èmi ni wọ́n nawọ́ sí, kì í ṣe ọmọ inú kẹ̀kẹ́. Ẹ̀ṣọ́ náà wò mí látòkè délẹ̀, ó pa kúlà dé, ó ní ká gbádùn ọjọ́ wa. Èmi tí mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, mo wọlé bí ọmọ ọwọ́.

Kí n má purọ́, ibẹ̀ rẹwà. Ìlú àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ kó jọ, ṣùgbọ́n tuntun ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n sanwó fún ọ̀dà tó ń ya ìpẹtà sára irin tí kò pẹta. Wọ́n kun ògiri bí ẹni pé ọdún pípẹ́ ló lá a. Orin ń jáde láti inú òdòdó. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi rí òkúta kan tó ń kọrin, wọ́n gbọn eruku kúrò lórí rẹ̀, a sì ń bá tiwa lọ.

"Ta ló ń gbé òkè yẹn?" Wọ́n nawọ́ sí àwọn fèrèsé tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ fèrèsé wà níbẹ̀, ìkòkò òdòdó wà, àga kan tiẹ̀ wà lórí báńkóònì tí wọ́n sá aṣọ ìnura sára rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, Mọ́mì. Kò sí yàrá lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n kàn ṣe é kó dà bí ìlú ni."

"Aṣọ tí wọ́n sá ńkọ́?"

"Wọ́n kàn sá a ni."

Wọ́n dúró wò ó títí tí mo fi ní láti ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Àwọn èèyàn yìí lówó."

Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n ń yìn wọ́n ni.

Láti ibẹ̀ ni mo ti di aṣojú ilé iṣẹ́ tí kò gbà mí síṣẹ́. Gbogbo ohun tí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo máa ń tà á fún ìyá mi. Mo ní, "Ẹ wò ó, tí ẹ bá dúró di Kérésì, iná ni wọ́n máa tàn sí gbogbo ibí yìí." Wọ́n ní sólà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sílé ń tanná dáadáa. Mo ní tó bá di ìgbà òtútù, wọ́n máa da yìnyín àtọwọ́dá sílẹ̀ kí àwọn ọmọdé lè ṣeré. Wọ́n ní kí ọmọdé máa ṣeré nínú ilé tó bá di ìgbà òtútù. A wọ ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé gúgúrú nìkan ni wọ́n ń tà, oríṣiríṣi àwọ̀, èyí tó dà bí ojú ọ̀run àti èyí tó dà bí ọṣẹ. A wọ ṣọ́ọ̀bù ohun ìrántí. Ìyá mi gbé ife kan, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí i pé àwọn kò ní gbàgbé ọjọ́ òní láéláé.

"Kí la ti ṣe lónìí?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

"Àní kí la ti ṣe tí a ò ní gbàgbé?"

Mo gba ife náà lọ́wọ́ wọn, mo gbé e padà.

Ní àárín òpópónà la ti pàdé ọ̀pọ̀lọ́. Òun ni olórí ibẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà lára gbogbo nǹkan tí wọ́n ń tà. Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá ni, ó ga ju ọkọ mi lọ, ó dé fìlà àwọn darandaran ará Texas, ó ń dì mọ́ ọmọdé. Ooru ọjọ́ náà lè mú kí ògiri amọ̀ tútù gbẹ nínú ìṣẹ́jú kan. Mo ní kí ìyá mi dúró tì í kí n ya fọ́tò tí màá fi ránṣẹ́ sílé, kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi lè rí i pé ara ń rọ̀ wọ́n. Ìyá mi sún mọ́ ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n wo inú ẹnu rẹ̀.

"Ẹnìkan wà nínú ẹ̀!"

"Mọ́mì, a mọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wo ibí."

"Nínú ooru yìí? Ẹ kú iṣẹ́ o. Well done. Have you drink water?"

Ọ̀pọ̀lọ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi ò gbà á gbọ́. Wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fẹjọ́ sùn, wọ́n rí ọmọbìnrin tó ń mú ọ̀pọ̀lọ́ kiri, wọ́n ní kó lọ fún un lómi. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ràn omi gan-an. Ìyá mi wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ iléèwé tó bá gbà pé òun gbọ́n. Nínú fọ́tò tí mo yà, ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ilé oúnjẹ ni mo wá gbọ́kàn lé. Wọ́n ṣe é bí inú ihò àpáta. Òkùnkùn wà níbẹ̀, àwọn ẹyẹ onírin ń ké, tó bá sì ṣe díẹ̀, àrá á sán, omi á máa ṣàn kalẹ̀ lára ògiri. Ìyá mi bèèrè ìdí tí òjò fi ń rọ̀ nínú ilé. Mo ní òjò ìgbádùn ni, àwọn èèyàn máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí ẹ̀. Wọ́n ní ẹ ò rí i, àwọn tí òrùlé wọn ń jò nílé ò mọ̀ pé fàájì làwọn ń ṣe.

Kò sí àyè. Wọ́n fún wa ní nǹkan pélébé kan, wọ́n ní tó bá tanná tó sì gbọ̀n, ká wá. A lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, lábẹ́ igi kan tí mo ní láti fọwọ́ kàn kí n tó gbà pé igi ni. Ìyá àgbà òyìnbó kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì náà, ó dé fìlà ńlá kan, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún. A kí i, ó kí wa. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nǹkan pélébé náà ò gbọ̀n. Ọmọ ń ké. Ìyá mi wò mí, mo wo ibòmíràn, mo sì gbọ́ tí kúlà ṣí.

Mọ́ínmọ́ín jáde sí gbangba. Òórùn rẹ̀ ṣẹ́gun ti gúgúrú olóríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu, àmọ́ kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Ìyá mi tú ewé kan, wọ́n fi ṣíbí bu díẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu, ọmọ dákẹ́. Wọ́n tú òmíràn fún ara wọn. Kí wọ́n tó fi kan ẹnu, wọ́n yíjú sí ìyá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé gbọ́dọ̀ ṣe.

"Madam, come and eat."

Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń lọ. Èèyàn kì í jẹun lójú ẹlòmíràn láìpè é. Ẹni tí a pè á ní, "Á gba ibi ire o," á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó pè mọ̀ pé kò ní wá, ẹni tí wọ́n pè mọ̀ pé kò yẹ kó wá, ara sì rọ gbogbo wa. Láti kékeré mi, mi ò rí àlejò kan tó jẹ́ ìpè yẹn rí.

Ìyá òyìnbó wo mọ́ínmọ́ín. Ó wo ìyá mi. Ó ní, "You know what? I believe I will." Ó sún mọ́ wa.

Ọwọ́ ìyá mi dúró sójú kan. Mo rí ojú wọn, mo sì mọ̀ pé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn yẹn ni wọ́n fọkàn sí. Mo fẹ́ sọ fún obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé a kì í jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti tẹ́ hánkáṣíìfù sórí itan? Ìyá mi bojú wo kúlà, wọ́n mú èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún mi, èyí tí wọ́n fi ẹyin sí méjì, wọ́n gbé e fún un.

Obìnrin náà bèèrè bóyá ewé náà ṣeé jẹ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú u, pẹ̀lú ohùn tíṣà kíláàsì kejì. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún gba òmíràn. Ó ní ìyá òun náà máa ń gún ẹ̀wà fi din nǹkan lóko láyé àtijọ́. Ìyá mi bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní wọ́n wà nínú ọgbà, àwọn àti àwọn ọmọ-ọmọ. Orúnkún òun ni kò gbà kí òun bá wọn wọlé, láti òwúrọ̀ ni òun ti jókòó síbẹ̀. Ìyá mi ní ẹ̀n-ẹ́n, orúnkún! Wọ́n gbé ìró sókè díẹ̀, wọ́n fi tiwọn hàn án. Nǹkan pélébé ọwọ́ mi tanná, ó gbọ̀n.

"Mọ́mì, they're calling us. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Lọ jẹ tìẹ," ni wọ́n wí, láìwo ojú mi. Wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe bí mi fún un.

Mi ò lọ. Mo jókòó tì wọ́n, nǹkan náà gbọ̀n títí, ó sú u, ó kú. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń mú wọn fọwọ́ gbá itan. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí látìgbà tí wọ́n ti wọ ilé mi. Ẹ jẹ́ kí n wí i bó ṣe rí: mo jowú. Mo wa mọ́tò, mo sanwó ibi tí mo gbé e sí, mo fi ọ̀pọ̀lọ́ hàn wọ́n, ìyá tí mi ò mọ̀ rí wá jókòó, ó jẹ oúnjẹ mi, ó sì gba ọjọ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí òòrùn ń rẹlẹ̀, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde. Gbogbo wọn pọ́n bí tòmátì, wọ́n dé fìlà ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n rọ́ bo ìyá wọn, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ papọ̀. Èyí ń sọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ké, èyí ní irọ́ ni, èyí tó kéré jù gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà ń bèèrè ìbéèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìyá mi hàn wọ́n, ó ní oúnjẹ tí òun jẹ lónìí, wọn ò lè rí i rà. Ọmọkùnrin rẹ̀ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa apá rẹ̀ mọ́ra, wọ́n lọ.

Mo dúró títí a fi dórí freeway kí n tó la ẹnu. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ rí àwọn òyìnbó yìí? Wọ́n so ìyá wọn mọ́ bẹ́ǹṣì látàárọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́! Àwọn ń ṣe ìgbádùn, ìyá wọn ń jẹ òòrùn. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rí ìdí tó fi yẹ kí ẹ dúró? Nílé wa, a mọ iyì àgbà." Mo sọ ọ́ dáadáa. Mo tiẹ̀ fi ọwọ́ lu sítíárìn.

Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣùgbọ́n wọ́n padà wá mú un," ni wọ́n wí.

Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà.

"Wọ́n padà wá, ìròyìn kún ẹnu wọn. Ta ló ń padà wá bá èmi? Ìwọ ń gbé oorun bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọkọ ẹ náà ń gbé tiẹ̀ bọ̀. Mo ń se oúnjẹ, mo ń dé e mọ́lẹ̀, ẹ ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Mo bá tẹlifíṣọ̀n jẹun títí, mo ti mọ gbogbo àwọn tó ń kàròyìn. Obìnrin tí mo kàn fi ẹnu pè yẹn nìkan ló jókòó bá mi jẹun láti ìgbà tí mo ti dé."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní owó ilé, mo ní shift, mo ní bí ibí ṣe rí nìyẹn. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, wọ́n sì ní àwọn mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí ẹnikẹ́ni, ilé àwọn ló ń wu àwọn, níbi tí èèyàn ti ń gbé lẹ́yìn fèrèsé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

"Nítorí daycare?"

"Rárá o. Ẹ jẹ́ ká rí daycare, ká má rí i. Èmi ni mi ò fẹ́ kí ẹ lọ."

Mo gbọ́ tí wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń tún ìbòrí ọmọ ṣe. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti rọ̀.

"Ọ̀rọ̀ tó dùn lo sọ yẹn. Sátidé tó ń bọ̀ náà ni màá lọ ṣá. Tó o bá fẹ́ rí mi, wá sílé, gbé ọmọ yìí dání. Má kó ẹrù wá bá mi. Wá jókòó."

Ẹkún gbọ̀n mí. Kò sẹ́ni tó ń dín eré kù fún ẹlẹ́kún lórí freeway Houston, mọ́tò ńlá kan ti ń fun fèrè lẹ́yìn mi. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, mo tan iná, mo sì yà bọ́ sí ọ̀nà Alief.